Léèsì tí à ń tà ní Balógun, léèsì ni

Ọ̀gá Olóòtú,

Mo kí yín, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ mi yìí sójú ìwé, kí ẹ má sì gé e kúrú jù, torí pé ẹni tí mo fẹ́ fún lésì, odindi ojú ewé kan lẹ fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ lókè òkun ló kọ̀wé sí yín lóṣù tó kọjá. Ó ní àwa Yorùbá kò mọ ohun tó ń jẹ́ léèsì. Ó ní ohun tí à ń rà ní ọjà Balógun ní Èkó, tí à ń fi ṣe aṣọ ẹbí, tí à ń fi sin òkú àgbà, tí à ń fi ṣe ìyàwó, kì í ṣe léèsì lójú ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké. Aṣọ lásán ni, ó ní, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ṣe ọnà sí lára. Léèsì gidi, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ni èyí tó rí bí àwọ̀n, tó jẹ́ pé òwú àti ihò nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wá rọ̀ yín pé kí ẹ yé kọ léèsì bí ẹ bá ń ròyìn òde, kí ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù fún ọjà. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ìyàwó kò ní torí ìwé ìròyìn padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ohun tó dùn mí ni pé ó fi àwọn ìyá wa hàn bí aláìmọ̀kan tó gbé orúkọ olórúkọ kọ́ ohun mìíràn lọ́rùn. Inú léèsì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìyá mi tà á ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Èmi náà tà á títí orúnkún mi fi kọ̀ láti máa gun àtẹ̀gùn ilé ìtajà wa. Ọmọ mi obìnrin ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí mo wà nílé ìwé, ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan sì wà lórí tábìlì tí mo ti ń ṣírò owó ọjà, tí mo máa ń ṣí lálaalẹ́ bí iná bá wà. Ọ̀rọ̀ léèsì yìí, mo ti tọ ipa rẹ̀ dé ìdí.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́, tí èdè wọn ń jẹ́ Látìnì, ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní laqueus. Ojóbó ni ìtumọ̀ rẹ̀: okùn tí a ta ní kókó tó ń yọ̀, tí ọdẹ ń dẹ sójú ọ̀nà ẹran, tó jẹ́ pé bí ẹran bá ṣe ń jà tó ni yóò ṣe máa fún un mọ́ra tó. Nígbà tí Látìnì di Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ náà súnkì, ó di laz. Ọwọ́ Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, láyé ìgbà tó jẹ́ pé Faransé ni àwọn ọlọ́lá ń sọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Sípéènì náà gba tiwọn, wọ́n ń pè é ní lazo. Ibẹ̀ ni okùn tí àwọn darandaran Amẹ́ríkà ń jù mọ́ màlúù lọ́rùn, tí wọ́n ń pè ní lasso, ti rí orúkọ. Ọmọ ìyá ni lasso àti léèsì.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, kò sí aṣọ nínú rẹ̀. Ìdẹkùn ni, okùn ni. Nígbà tó yá ló di okùn tí wọ́n fi ń fa etí aṣọ méjì pọ̀ mọ́ra, bí obìnrin bá wọ aṣọ tó fún un láyà, tàbí bí ọkùnrin bá fẹ́ di bàtà. Okùn bàtà tí àwọn ọmọ wa ń so kí wọ́n tó lọ sílé ìwé láàárọ̀, léèsì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é títí dòní olónìí, kò sì sí ihò kankan lára rẹ̀. Ara bàtà ni ihò wà.

Láti orí okùn tí à ń so, wọ́n tún gbé orúkọ náà fún okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi òwú wúrà tàbí ti fàdákà hun, tí wọ́n ń rán mọ́ etí aṣọ kó lè dán. Ẹ wo ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi lọ́jọ́ ayẹyẹ. Wúrà tó yí ọrùn ọwọ́ aṣọ rẹ̀ ká, tó ń fi ipò rẹ̀ hàn, léèsì wúrà ni orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní ihò, kò jọ àwọ̀n, kò sì sí Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní kì í ṣe léèsì. Ìgbà tó di àárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ní nǹkan bí 1550, ni ọ̀rọ̀ náà tó dé orí aṣọ oníhò tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń pè ní gidi. Ó ti pẹ́ lẹ́nu wọn kó tó débẹ̀. Orúkọ tó ti inú igbó ọdẹ dé ìdí bàtà, tó ti ìdí bàtà dé ọrùn ọwọ́ ológun, tó tibẹ̀ dé ara aṣọ ìyàwó, báwo ni a ó ṣe wá sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé Balógun?

Ohun kan wà tó máa ń wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ oníhò kan náà, bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe wò ó ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn Faransé wo etí rẹ̀, wọ́n ní eyín kéékèèké ni, wọ́n pè é ní dentelle. Àwọn Jámánì wo etí yẹn kan náà, wọ́n ní ṣóńṣó ni, wọ́n pè é ní Spitze. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wo òwú tó lọ́ mọ́ òwú, tí wọ́n sì rántí okùn. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló fi ihò sọ ọ́ lórúkọ? Kò sí. Ẹni tó bá wá ní ihò ni ọ̀rọ̀ léèsì dúró lé, kò tíì wo ìdí ọ̀rọ̀ náà. Okùn ló dúró lé.

(Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un nítorí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní ọjà. Yáàdì tí à ń fi wọn aṣọ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀pá, igi tó gùn. Àwọn bàbá wa kò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ọ̀pá ni àwa náà ń pè é: ọ̀pá aṣọ márùn-ún, ọ̀pá aṣọ mẹ́wàá. Ẹni tó ń fi igi wọn aṣọ ní Èkó àti ẹni tó ń fi igi wọn ọ́n ní London sọ ọ́ lórúkọ kan náà.)

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí aṣọ oníhò náà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi ọwọ́ ṣe é ní Yúróòpù. Èkínní ni ti abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n mọ Venice ní Ítálì mọ́. Àwọn ará Ítálì ní orúkọ tó dùn fún irú rẹ̀ kan, punto in aria, àránpọ̀ inú afẹ́fẹ́, nítorí pé kò sí aṣọ lábẹ́ òwú náà bí wọ́n bá parí rẹ̀. Èkejì ni ti ilẹ̀ Flanders, tó wà nínú Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. Wọ́n á to ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi kéékèèké tí wọ́n wé òwú mọ́ sórí ìrọ̀rí, wọ́n á máa gbé wọn kọjá lórí ara wọn bí ẹni ń di irun. Iṣẹ́ tí ń fọ́ ojú ni méjèèjì.

Tọkùnrin tobìnrin ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ wo àwòrán àwọn ọba àti ìjòyè Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ẹ ó rí léèsì funfun yí ọrùn wọn ká, ẹ ó rí i létí ọwọ́ aṣọ wọn. Mo sọ èyí torí pé ọ̀dọ́mọkùnrin wa tún kọ ọ́ pé ó ya òun lẹ́nu bí ọkùnrin Yorùbá ṣe ń fi léèsì dá agbádá, pé ohun obìnrin ni. Ta ló sọ fún un bẹ́ẹ̀? Owó tí àwọn ọlọ́lá Faransé ń kó lọ sí Venice nítorí léèsì ọrùn pọ̀ débi pé ní 1665, Colbert, mínísítà ọba Louis kẹrìnlá, dá ilé iṣẹ́ léèsì sílẹ̀ fún ìjọba nílẹ̀ Faransé kí owó lè dúró sílé. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ìjọba tiwa nìkan ni léèsì ti kó ìrònú bá.

Ibi tí ó yẹ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fetí sílẹ̀ dáadáa nìyí. Ní 1808 àti 1809, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ John Heathcoat gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó lè ta àwọ̀n léèsì. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, irin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Inú bí àwọn kan. Ní 1816, wọ́n ya wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Loughborough lóru, wọ́n fi òòlù fọ́ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, ló bá kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Tiverton. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò kúrò nílẹ̀. Ìlú Nottingham di ìlú léèsì, àdúgbò kan sì wà níbẹ̀ títí dòní tí wọ́n ń pè ní Ọjà Léèsì. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde, kì í ṣe ọwọ́ ló ṣe é, kì í ṣe abẹ́rẹ́ Venice, kì í ṣe igi Flanders. Léèsì ni gbogbo ayé pè é. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ṣe ìgbéyàwó ní 1840, léèsì ọwọ́ láti Devon ló wọ̀, kí ebi má baà pa àwọn obìnrin tó ń fi ọwọ́ ṣe é. Síbẹ̀, ti ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ní 1863, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Isaak Gröbli, láti agbègbè St. Gallen, ṣe ẹ̀rọ mìíràn. Èyí kì í ta àwọ̀n. Ọnà ló ń ṣe sára aṣọ. Òwú méjì ló ń lò, ọ̀kan níwájú aṣọ, ọ̀kan lẹ́yìn. Èyí tó wà lẹ́yìn wà nínú irin kékeré kan tó rí bí ọkọ̀ ojú omi, ìyẹn ni wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ náà ní Schiffli, ọkọ̀ kékeré ní èdè ìlú wọn. Ẹni tó bá ti ka ìwé Jóòbù nínú Bíbélì Yorùbá á rántí ọkọ̀ ìhunṣọ, tí Jóòbù ní ọjọ́ ayé òun yára jù lọ. Àwa náà rí ọkọ̀ nínú rẹ̀.

Láti ara ẹ̀rọ yìí ni gbogbo ohun tí à ń tà ní Balógun ti wá. Òótọ́ sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ níbi kan: ọnà orí aṣọ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. N kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀, kò tẹ̀ síwájú. Ní àwọn ọdún 1880, àwọn oníṣẹ́ Jámánì àti Switzerland rí ọgbọ́n kan ta sí i. Wọ́n á fi òwú kan ṣe ọnà sórí aṣọ tó jẹ́ pé omi oògùn lè jẹ. Bí ọnà bá parí, wọ́n á rì í sínú oògùn náà, aṣọ tó wà nísàlẹ̀ á yòrò tán pátápátá, ọnà nìkan ni yóò kù, òwú tó di òwú mú, pẹ̀lú ihò láàárín. Àránpọ̀ inú afẹ́fẹ́ nìyẹn gan-an, bí àwọn ìyá Venice ṣe ń ṣe é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Faransé, kò sí èyí tó ní kì í ṣe léèsì.

Kí wá ni à ń pè é ní Balógun? Kọ́ọ̀dù. Kọ́ọ̀dù léèsì tó wúwo lọ́wọ́, tó jẹ́ pé bí ẹ bá nà án sókè, ẹ ó rí ìta láàárín ọnà rẹ̀, tí a kì í wọ̀ láìsí aṣọ abẹ́, òun ni iṣẹ́ inú oògùn yìí. Kọ́ọ̀dù náà, okùn ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ni pé àwọn ìyá ọjà, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kọ, gbé ọ̀rọ̀ náà padà sórí okùn tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ pé kò sí léèsì gidi ní Èkó kò tíì fọwọ́ kan kọ́ọ̀dù nìyẹn, tàbí kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ti àwọn yòókù ńkọ́? Dúráì léèsì, òwú ni, kì í dán, ó sì dára fún oòrùn wa. Ẹ̀rọ á ṣe ọnà sí i, á sì dá ihò sí i, á fi òwú rán etí ihò náà yí po. Àwọn Faransé ní orúkọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, broderie anglaise, ọnà abẹ́rẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Fóìlì léèsì fẹ́lẹ́, ó rọ̀; fóìlì fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Faransé, voile, ìbòjú ni. Èyí tí wọ́n to sẹ́kúìnì sí, tó ń kọ mọ̀nà nínú iná gbọ̀ngàn, orúkọ sẹ́kúìnì yẹn wá láti ara zecchino, owó wúrà tí wọ́n ń ná ní Venice. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ yẹn sì ti bẹ̀rẹ̀, sikka, irin tí wọ́n fi ń tẹ owó. Nítorí náà bí ẹ bá rí ìyàwó tó wọ léèsì onísẹ́kúìnì, owó wúrà ló tò sára ní tòótọ́. Gbogbo ìwọ̀nyí, bí a bá fi ojú ìwé wò ó, ọnà orí aṣọ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ihò, wọ́n ní okùn, ẹ̀rọ tó bí kọ́ọ̀dù ló bí wọn. Àwọn ìyá wa kó wọn sábẹ́ orúkọ ẹbí kan, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, débi pé ẹni tó bá rán ọmọdé lọ ra fóìlì kò ní rí dúráì gbà. Èdè tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìyá náà díẹ̀, torí pé àwọn ni wọn kì í dárúkọ.

Ìlú kan wà tí ń jẹ́ Lustenau, létí odò Rhine, ní ìpínlẹ̀ Vorarlberg, níbi tí Austria ti bá Switzerland pààlà. Ìlú kékeré ni, tó dákẹ́, tó mọ́, òkè ńlá ni ẹ ó máa wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀rọ Schiffli pọ̀ níbẹ̀ láti ayé àwọn bàbá bàbá wọn. Lẹ́yìn òmìnira wa, ní àwọn ọdún 1960, ni òwò láàárín wọn àti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, ó di kíkankíkan. Léèsì ìgbà yẹn wúwo, ó sì lówó lórí. Kò sí òde kan ní Èkó tó pé láìsí i.

Àwọn kan rò pé Òyìnbó kàn ṣe aṣọ, ó kó o wá, a sì rà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rí bí ìyá mi ṣe ń ṣe é. Bí sámpù, ìyẹn àpẹẹrẹ aṣọ, bá dé nínú ìwé, tí wọ́n gé wọn kéékèèké lẹ̀ mọ́ ewé, á tẹ́ wọn sórí ibùsùn, á pe àwọn oníbàárà rẹ̀ tó gbójú jù lọ wá sílé. Èyí kò dáa, ọnà rẹ̀ kéré. Èyí dáa, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ti kú, ẹ ní kí wọ́n fi àwọ̀ àlàárì sí i. Ẹ fa ihò yìí tóbi. Ẹ gbé ewé yìí kúrò, ẹ fi ẹyẹ ọ̀kín síbẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé nínú ilé á kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́tà á lọ, sámpù tuntun á dé. Nígbà tó di tèmi, tí èmi fúnra mi ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, n óò jókòó ti ẹni tó ń ya ọnà, n óò mú aṣọ òkè dání, sányán àti ẹtù, kí ó fojú ara rẹ̀ rí irú àwọ̀ tó máa ń bá ara dúdú mu. Òun ló sọ fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn, Stickerei ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ọnà abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti di ti Èkó, léèsì ni wọ́n ń kọ sórí ìwé ọjà, torí pé orúkọ tí ẹni tó ń rà á mọ̀ ọ́n sí nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ náà gba orúkọ tí Èkó sọ ọ́. Àwọn ará Vienna, olú ìlú Austria, pàápàá mọ ìtàn yìí: ní 2010, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan níbẹ̀ ṣe àpàtẹ ńlá lórí léèsì tiwa, àpàtẹ náà sì dé Oníkan, ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀, ní 2011. Léèsì ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe àkọlé rẹ̀. Mo lọ sí Oníkan. Mo rí irú aṣọ tí ìyá mi tà, nínú gíláàsì, pẹ̀lú iná lórí rẹ̀, mo sì sunkún níbẹ̀.

Ti òfin tí ìjọba ń ṣe lórí kíkó léèsì wọlé, tí wọ́n fòfin dè é, tí wọ́n ṣí i, tí wọ́n tún dè é, tó jẹ́ pé Kùtọnú ni ọjà ń gbà wọlé, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tó wà lọ́jà nígbà náà mọ ohun tí ojú rí. Lẹ́yìn 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ló pa ilẹ̀kùn dé. Ti Kòríà dé, ti Ṣáínà dé, ti Íńdíà náà dé, ti Austria sì di ti ẹni tó lówó. Orúkọ léèsì kò yí padà ní gbogbo àkókò yẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa lè sọ pé kí ni Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ti Èkó sí, pé ẹni tó ni èdè ló ni ìtumọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, tí wọ́n kà sí àgbà nínú irú rẹ̀, kó ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ ní Nàìjíríà. Dáńfó wà níbẹ̀, ọ̀kadà wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí àwọn tó ń ṣọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì bá lè gba dáńfó láti Oṣòdì, kí ló dé tí ọmọ tiwa fi ń lé léèsì jáde ní Balógun? Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í dúró níbi tí wọ́n bí i sí. Okùn tí ọdẹ Róòmù dẹ fún ẹran ló di aṣọ ìgbéyàwó Victoria. Ọ̀nà tó gùn gan-an nìyẹn. Láti Nottingham dé Èkó kò jìnnà tó o.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí, Ọ̀gá Olóòtú. Ẹ má yí ọ̀rọ̀ léèsì padà nínú ìwé yín. Ohun tí ẹ lè ṣe kó dára sí i ni kí àwọn oníròyìn yín máa sọ irú èyí tó jẹ́. Mo ka ìròyìn ìsìnkú kan nínú ìwé yín tí wọ́n ní ìdílé olóògbé wọ léèsì olówó ńlá. Kò tó. Ṣé kọ́ọ̀dù ni, ṣé dúráì ni, àbí fóìlì? Àwọ̀ wo? Kí ni wọ́n fi wé gèlè? Bí ẹ bá ń ròyìn ọkọ̀, ẹ máa ń sọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀. Ẹ bu ọlá kan náà fún aṣọ. Bí oníròyìn yín kan bá fẹ́ kọ́ ọ, kó wá sí Balógun ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, kí èrò tó pọ̀. Ọmọ mi á tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ fún un, á sì jẹ́ kó fọwọ́ kàn wọ́n. A kì í gbowó ìyẹn.

Èkejì, mo gbọ́ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tuntun. Mo ti wo àwọn ti àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, n kò rí léèsì níbẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe kí ẹ bá mi fi èyí tó wọn lọ́wọ́, bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ rèé:

Léèsì. Ọ̀rọ̀ orúkọ, láti inú Gẹ̀ẹ́sì, tó gbà á lọ́wọ́ Faransé, tó gbà á lọ́wọ́ Látìnì, laqueus, tó túmọ̀ sí ojóbó. 1. Aṣọ tí a fi òwú nìkan ta, tí ó ní ihò láàárín ọnà rẹ̀, kọ́ọ̀dù. 2. Aṣọ fẹ́lẹ́ tàbí aṣọ òwú tí ẹ̀rọ ṣe ọnà sí, tí ó sì dá ihò sí, dúráì, fóìlì. 3. Okùn bàtà, lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé. A ń tà á ní ọ̀pá márùn-ún márùn-ún. Tọkùnrin tobìnrin ló ń wọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníléèsì,
Ọjà Balógun, Ìsàlẹ̀ Èkó.